Ìgbà Wo Ló Ń Gbóná, Ibo Lomi Rẹ̀ Ń Gbà Lọ?

Ẹ́ńjìnnì kì í ṣàdédé gbóná. Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bẹ́ẹ̀ náà ni géèjì ooru kì í gòkè lásán. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọkọ̀ nìyẹn: ìdí máa ń wà, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì máa ń fi ìdí ọ̀hún han ẹni tó bá ní sùúrù. Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Géèjì gòkè lónìí, a ra tẹ̀mọ́sítáàtì. Kò yanjú ẹ̀, a ra rédíétọ̀. Kò tún yanjú ẹ̀, ẹnì kan ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín ara ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù tó dé e lórí, ló ti jó, ó yá, ẹ gbé sípánà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa tò ó padà tán, owó ti lọ, ọkọ̀ ń gbóná síbẹ̀, torí pé wáyà fáànù kan tó já ni gbogbo ọ̀ràn náà dá lé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún ọkọ̀ ara mi ṣe nílé, ọkọ̀ àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ náà sì ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ìbéèrè méjì ni mo gbà pé ó gbọ́dọ̀ ṣáájú sípánà. Ìgbà wo ló ń gbóná? Omi rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń dín kù, ibo ló sì ń gbà lọ? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí méjèèjì kò ní náwó sórí ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí omi inú ẹ́ńjìnnì ń bá fínra. Nígbà tí epo bá gbiná lórí písítìnì, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 2,000°C. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe písítìnì àti tọ́ọ̀pù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní a máa yọ́ ní nǹkan bí 660°C. Ohun tí kò jẹ́ kó yọ́ ni pé omi àti ọ́ìlì kì í fún ooru yẹn láàyè láti jókòó. Tí a bá pín agbára inú epo tí a ń jó sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan péré ló ń ti ọkọ̀ lọ. Ìdá kan ń bá èéfín jáde. Ìdá kan tó kù, omi ló ń gbé e lọ sínú rédíétọ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á. Iṣẹ́ ńlá ni. Ìgbà tí iṣẹ́ náà bá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ń rí tọ́ọ̀pù tó wọ́.

Ọ̀nà tí omi ń tọ̀ kò le láti mọ̀. Wọ́tà pọ́ńpù á tì í sínú ara ẹ́ńjìnnì, á yí sílíńdà ká, á gòkè sínú tọ́ọ̀pù, á sì dé ẹnu tẹ̀mọ́sítáàtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tẹ̀mọ́sítáàtì á ti ilẹ̀kùn pa, omi á máa yí nínú ẹ́ńjìnnì nìkan kó lè tètè móoru. Ìda ló wà nínú rẹ̀. Tí ooru bá dé ibi tí wọ́n ṣe é sí, tó máa ń wà láàárín 82°C sí 95°C nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìda náà á yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn ṣí. Omi gbígbóná á gba róbà òkè bọ́ sínú rédíétọ̀, á tutù, á gba róbà ìsàlẹ̀ padà.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí: ìdérí rédíétọ̀. Kì í ṣe pé ó kàn dé ihò lásán. Sípírìngì inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìfúnpá há mọ́ inú, nǹkan bí 0.9 sí 1.1 bar lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Omi lásán tó máa ń hó ní 100°C ní gbangba, inú ìfúnpá yẹn kò ní hó títí yóò fi tó nǹkan bí 120°C. Tí ó bá jẹ́ omi àti kúláàǹtì, ìyẹn oògùn olómi tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, ní ìdajì-ìdajì, ó tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí sípírìngì ìdérí bá ti rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí kò ní àrùn kankan lè máa hó omi dànù lójoojúmọ́. Ìdérí wà lára ohun tó rọrùn jù láti pààrọ̀ nínú gbogbo ètò yìí, ó sì jẹ́ ohun tí mo máa ń wò ṣáájú: ṣé róbà rẹ̀ ti le, ṣé ó ti sán, ṣé nọ́ńbà orí rẹ̀ bá èyí tí ìwé ọkọ̀ kọ mu?

Ìfúnpá yìí kan náà ló fi léwu. Tí ẹ bá ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, omi tó wà ní 110°C tí kò tíì hó á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú jáde bí ìbọn sí ojú àti àyà ẹni tó ṣí i. Mo ti rí awọ ọwọ́ tí omi rédíétọ̀ bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, bó ti wù kí ìkánjú yín pọ̀ tó. Bí géèjì bá gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa éèsì, ẹ tan hítà dé ìpẹ̀kun kó lè gba díẹ̀ nínú ooru náà, ẹ wá ibi tó dára dúró sí, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ìgbà mìíràn ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹ bá lè fọwọ́ fún róbà òkè láìsí pé ó le koránkorán tàbí pé ó jó yín ni ẹ tó lè fi aṣọ tó nípọn bo ìdérí, kí ẹ rọra yí i díẹ̀díẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń jó fòfò: irin gbígbóná tí omi tútù bá kàn lójijì lè sán.

Ó yá, ìbéèrè kìíní. Ìgbà wo ló ń gbóná?

Bí ó bá ń gbóná nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ tàbí nígbà tí a bá dúró, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí a bá ń sáré, ẹ kọjú sí fáànù. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ rédíétọ̀. Nígbà tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo fáànù iná, bí ẹ bá tan éèsì, fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín ìgbà díẹ̀. Bí kò bá yí, ẹ wo fíúsì rẹ̀, kí ẹ sì fi rìléè (ohun kékeré tó ń já iná fún fáànù nígbà tí wọ́n bá pàṣẹ) mìíràn tó bá a dọ́gba nínú àpótí kan náà dán an wò. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ẹnu wáyà fáànù, kí ẹ fi wáyà tó ní fíúsì lára fún un ní iná tààrà láti bátìrì. Tí ó bá yí, mọ́tò fáànù kò ní àrùn, ẹni tó yẹ kó pàṣẹ fún un ni kò pàṣẹ: sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi, rìléè tàbí wáyà. Tí kò bá yí, ẹ ti rí i. Ẹ ṣọ́ra o, fáànù iná lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, torí náà ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kí ọwọ́ yín tó sún mọ́ ọn, kí ẹ sì ká apá aṣọ sókè.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí bẹ́líìtì ń yí fáànù wọn, tí nǹkan olómi kíki sì wà láàárín fáànù àti igi tó ń yí i. Tìyẹn rọrùn: ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, ẹ fọwọ́ yí fáànù. Bí ó bá ń le díẹ̀ lọ́wọ́, ó dára. Bí ó bá ń yí lọ ràì láìdúró, ìdè àárín yẹn ti kú.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá nígbà kan. Wọ́n ti pààrọ̀ tẹ̀mọ́sítáàtì, wọ́n ti pààrọ̀ wọ́tà pọ́ńpù, fáànù náà sì jẹ́ tuntun. Síbẹ̀, bó bá ti bọ́ sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, géèjì á gbéra. Bó bá ti bọ́ sójú títì tó ṣófo, á sọ̀kalẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè kìíní tọ́ka sí fáànù gbọnrangandan, ṣùgbọ́n fáànù ń yí, àwa méjèèjì ń gbọ́ ìró rẹ̀. Mo mú bébà kan, mo gbé e síwájú rédíétọ̀. Dípò kí atẹ́gùn fà á mọ́ra, ṣe ló ń tì í kúrò. Ẹni tó so fáànù tuntun yẹn ti fi wáyà kan sí ipò èkejì, mọ́tò náà ń yí sódì, ó ń ti ooru ẹ́ńjìnnì jáde síwájú kó lọ pàdé atẹ́gùn tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á borí; bó bá dúró, fáànù á borí. A yí wáyà méjì padà, ó parí. Owó tẹ̀mọ́sítáàtì àti pọ́ńpù tó ti ná kò padà wá, ó sì dùn mí fún un, nítorí bébà kan ṣoṣo ló yẹ kó ti kọ́kọ́ ná.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo ike tó yí fáànù ká bóyá ó pé. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ dànù nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́ nígbà iṣẹ́. Ike yẹn ló ń jẹ́ kí fáànù fa atẹ́gùn gba gbogbo ojú rédíétọ̀. Láìsí i, ibi tí abẹ fáànù dojú kọ nìkan ni yóò máa tutù.

Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá ń sáré tàbí tí a bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù ló ń gbóná, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ nígbà tí a bá dúró, fáànù bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Omi ni kò rìn tó, tàbí rédíétọ̀ ni kò lè tú ooru náà sílẹ̀ mọ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo àárín rédíétọ̀ àti rédíétọ̀ kékeré ti éèsì tó wà níwájú rẹ̀. Ewé, eruku, ìyẹ́ kòkòrò àti irun máa ń kó jọ síbẹ̀ títí yóò fi dà bí aṣọ, láti iwájú ẹ kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ fi omi tí kò le púpọ̀ fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó bá wọlé jáde. Bí ìta bá mọ́, inú ńkọ́? Tẹ̀mómítà tí a ń yìn sí nǹkan láìfi kàn án wúlò gan-an níbí: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ yìn ín sí ojú rédíétọ̀ káàkiri. Ooru gbọ́dọ̀ máa dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé lọ sí ibi tó ń gbà jáde. Bí ẹ bá bá ibì kan tó tutù lójijì ní àárín, ìpẹtà tàbí ẹrọ̀fọ̀ ti dí àwọn ihò tó wà níbẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí ẹnì kan tẹ iná fún yín díẹ̀ kí ẹ máa wo róbà ìsàlẹ̀. Pọ́ńpù máa ń fa omi láti ibẹ̀. Bí róbà náà bá ti rọ̀ jù, yóò pa ara pọ̀, omi kò sì ní rọ́nà gbà. Tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, róbà á padà sí bó ṣe wà, bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Àrùn yìí ti da ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì láàmú. Ti pọ́ńpù fúnra rẹ̀, bẹ́líìtì lè máa yọ̀ lórí rẹ̀, ìpẹtà lè ti jẹ abẹ inú rẹ̀, tàbí kí abẹ oníke tí wọ́n fi ṣe é ti tú kúrò lára igi rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìta ń yí, inú dúró.

Ó kan tẹ̀mọ́sítáàtì, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀. Bí géèjì bá ti ga tí róbà òkè ṣì tutù, tí omi sì kún dáadáa, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi tí kò kan ìsàlẹ̀, ẹ ti tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́, ẹ gbé e kaná. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ ni yóò sọ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí omi bá hó tí kò tíì ṣí, ó ti kú, ẹ ra tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ ra tuntun o! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ yọ ọ́ dànù kí ẹ máa wakọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì ń ba ọkọ̀ jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ̀mọ́sítáàtì kì í tètè móoru tó. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé òwúrọ̀ ni títí, á máa fún un ní epo púpọ̀, epo náà á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, sílíńdà á máa jẹ. Lórí àwọn ẹ́ńjìnnì kan ẹ̀wẹ̀, tẹ̀mọ́sítáàtì yẹn kan náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa gba àbùjá láìdé rédíétọ̀, ọkọ̀ tí ẹ ń wá bó ṣe máa tutù á sì túbọ̀ gbóná.

Ìgbà kẹta tún wà: ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú, tí a tan láàárọ̀, tí géèjì sì fò sókè kí a tó rìn jìnnà. Irin kò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì bí gbogbo nǹkan bá pé. Bóyá omi kò sí níbẹ̀, bóyá afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, bóyá iná inú sílíńdà ti rí ọ̀nà wọ inú omi, tàbí kẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ló ń parọ́. Ẹ lè dá irọ́ sẹ́ńsọ̀ mọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ abẹ́ dáàsìbọ́ọ̀dù láti ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń rí. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò OBD-II tí ẹ̀rọ yìí ń wọ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé e. Nọ́ńbà ooru omi tí ẹ máa rí níbẹ̀ ṣeé gbára lé ju géèjì ojú dáàsìbọ́ọ̀dù lọ, torí pé wọ́n ti ṣètò géèjì púpọ̀ nínú ọkọ̀ òde òní kó má kúrò láàárín bí ooru tilẹ̀ ń yí padà, kí awakọ̀ má baà máa bẹ̀rù. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá máa fi kúrò láàárín, ọ̀rọ̀ ti ń le. Ẹ̀rọ náà tún máa ń ka kóòdù, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kóòdù P0217 túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná kọjá ààlà. P0117 àti P0118 ń fura sí iná tó ń bọ̀ láti sẹ́ńsọ̀. P0128 ní tirẹ̀ ń sọ pé omi kò gbóná tó bó ṣe yẹ, tí ó sábà máa ń jẹ́ pé tẹ̀mọ́sítáàtì kò padé mọ́.

Ẹ sì má jẹ́ kí géèjì tó já lulẹ̀ lójijì tàn yín. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná, tí abẹ́rẹ́ wá ṣubú sí ibi òtútù láìnídìí, ó lè jẹ́ pé omi ti tán níbi tí sẹ́ńsọ̀ wà, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n. Hítà tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jó náà ń sọ ohun kan náà: omi ò dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ dúró níbẹ̀.

Ìbéèrè kejì, ti omi. Ètò yìí jẹ́ èyí tí a tì pa. Kò yẹ kí omi rẹ̀ máa dín kù. Ẹni tó bá ń bu omi kún rédíétọ̀ lóòrèkóòrè, tó sì ń pè é ní ìtọ́jú ọkọ̀, jíjò ló ń tọ́jú. Ẹ fi èyí sọ́kàn pé omi lásán kò lè rọ́pò kúláàǹtì títí láé: ó ń mú ìpẹtà wá, oògùn tó ń dáàbò bo irin àti pọ́ńpù kò sì sí nínú rẹ̀.

Ẹ wá jíjò ìta kọ́kọ́. Kúláàǹtì tó bá gbẹ máa ń fi àbàwọ́n aláwọ̀ sílẹ̀, torí náà, ẹ wo ẹnu àwọn róbà lábẹ́ kílíìpù, ẹ wo ibi tí ike orí rédíétọ̀ ti pàdé alumíníọ̀mù, kí ẹ sì wo abẹ́ wọ́tà pọ́ńpù. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ńpù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Bí omi bá ń gba ibẹ̀ jáde, síìlì inú rẹ̀ ti jẹ, pọ́ńpù náà fẹ́ lọ. Bí ilẹ̀ ẹsẹ̀ inú ọkọ̀ bá rin, tí gíláàsì iwájú ń ṣú, tí òórùn dídùn kan sì ń jáde láti ihò hítà, rédíétọ̀ kékeré ti hítà ló ń jò. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ yá pọ́ńpù ọlọ́wọ́ tí a ń dè mọ́ ẹnu rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì tútù ni a ń lò ó sí. Ẹ fún un ní ìfúnpá tó nọ́ńbà orí ìdérí, ẹ má kọjá a, ẹ fi í sílẹ̀. Bí géèjì orí rẹ̀ bá ń já wálẹ̀, omi ń jáde níbì kan, ẹ gbọ́ ìró, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá a.

Bí ìfúnpá bá ń já tí ìta gbẹ, inú ló ń gbà lọ. Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì kàn wàyí, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rí ló gbé wa débẹ̀. Èéfín funfun kíki tí kò dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán, tó sì ní òórùn dídùn. Róbà òkè tó ti le koránkorán láìpẹ́ lẹ́yìn tí a tan ẹ́ńjìnnì tútù. Ìfófó tó ń hó pọ́nfúnpọ́nfún láìdáwọ́ dúró nínú ike omi tí a so mọ́ rédíétọ̀. Púlọ́ọ̀gì kan tó mọ́ féfé láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúdú, torí pé omi ti ń fọ sílíńdà rẹ̀. Ọ́ìlì tó dà bíi wàrà lórí ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀. Lórí èyí tó kẹ́yìn, mo ní láti kìlọ̀: ohun funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà máa ń kó ìrì síbẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀n ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ti ọ̀pá bá ti funfun, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́, omi kì í tọ́jú béárínì bí ọ́ìlì ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀rí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù ni ti omi aláwọ̀ búlúù tí a ń dà sínú gíláàsì kan lókè ẹnu rédíétọ̀, tí a sì ń fa afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀ gba inú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín iná sílíńdà bá wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, omi búlúù náà á di yẹ́lò lórí ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù. Owó ìdánwò yìí kéré púpọ̀ sí ti títú tọ́ọ̀pù. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ tú tọ́ọ̀pù láìkọ́kọ́ ṣe é.

Títú tọ́ọ̀pù nílé ṣeé ṣe, mo sì mọ àwọn tó ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí tọ́ọ̀pù tó ti wọ́, iṣẹ́ àṣedànù ni. A gbọ́dọ̀ gbé irin gbọọrọ tó gún régé lé ojú tọ́ọ̀pù, kí a fi irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ kì í fara mọ́ ju 0.05 sí 0.10 mm lọ. Bó bá kọjá ìyẹn, ilé iṣẹ́ tó ń fá irin ló kàn. Bóòtù rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní kì í ṣe èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní ètò bí a ṣe ń le wọn tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára ọwọ́. Ẹni tí kò bá ní irinṣẹ́ wọ̀nyí, kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ní in. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó kúkú ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ohun mìíràn kún un. Ti oògùn tí a ń dà sínú rédíétọ̀ kó lè dí ihò, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó lè gbé ọkọ̀ délé lọ́jọ́ ìṣòro, ṣùgbọ́n kò mọ ihò tó yẹ kó dí yàtọ̀ sí èyí tí kò yẹ, ihò tóóró inú rédíétọ̀ hítà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ sí i.

Bí àtúnṣe bá parí, iṣẹ́ ṣì ku kan: lílé afẹ́fẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe tó dára ló ti ṣubú síbí. Ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀ kí ẹnu rédíétọ̀ jẹ́ ibi tó ga jù, ẹ tan hítà dé ibi tó gbóná jù, ẹ da kúláàǹtì àti omi tí a ti sè kúrò nínú ìdọ̀tí rẹ̀, ìyẹn omi bátìrì tí kò ní ásíìdì, sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ìdajì-ìdajì àfi tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ohun mìíràn. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ní nọ́ọ̀tì tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ẹ tú u títí omi nìkan yóò fi máa jáde. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí fáànù yóò fi tan, tí yóò kú, tí yóò tún tan, kí atẹ́gùn gbígbóná sì máa jáde nínú hítà. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tún wo omi rẹ̀. Ó máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Nípa irú kúláàǹtì, àwọ̀ kọ́ ni kí ẹ máa wò. Aláwọ̀ ewé ti ilé iṣẹ́ kan lè má bá aláwọ̀ ewé ti òmíràn mu rárá, àwọn mìíràn sì máa ń di ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé. Ohun tí ìwé ọkọ̀ kọ ni kí ẹ rà.

Èyí tí ẹ bá tú jáde, ẹ gbà á sínú ike tó ní ìdérí. Ethylene glycol tó wà nínú rẹ̀ dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Díẹ̀ ló lè pa ajá tàbí ológbò, ọmọdé náà sì lè tọ́ ọ wò. Ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sínú gọ́tà, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń gba irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kí ẹ tó tan ọkọ̀, kí ẹ fi ìlà kékeré sàmì sí ibi tí omi dé lára ike rẹ̀. Bí omi bá dúró sójú ìlà, ẹ máa wakọ̀ yín lọ. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gbé pọ́ńpù ọlọ́wọ́ yẹn padà sẹ́nu rédíétọ̀.